Bí Ẹ Ṣe Lè Fún Ọ̀pọ̀lọ́ àti Àkèré Láyè Nínú Ọgbà Ilé Yín n'Ìbàdàn

Tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ bí ẹ̀ẹ̀mejì, láàárín oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin, ẹ bọ́ sí fàráńdà ní alẹ́ ọjọ́ tí èsunsun bá ń rọ́ wá sídìí iná. Ọ̀pọ̀lọ́ kan á ti jókòó sábẹ́ gílóòbù, á gbórí sókè, ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ á máa gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ahọ́n ti jáde, ó ti padà, èsunsun ti wọlé. Ẹ wo ojú rẹ̀ nígbà tó bá ń gbé e mì: ẹyinjú méjèèjì á rì wọnú orí, nítorí òun náà ló fi ń ti oúnjẹ lọ sọ́nà ọ̀fun. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo èyí lẹ́ẹ̀kan, kì í sábà gbé ìgbálẹ̀ lé ọ̀pọ̀lọ́ mọ́.

Ẹni tó ní ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ilé la kọ èyí fún, ìbáà ṣe ọgbà ńlá ní Bódìjà àtijọ́, ìbáà ṣe ebè ẹ̀fọ́ mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì ní Àkóbọ̀ tàbí Àpẹ́tẹ̀. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan yé wa: a kì í lọ kó ọ̀pọ̀lọ́ wálé, ilẹ̀ là ń tún ṣe dè é. Èyí tí ẹ bá fi àpò gbé wá láti ibòmíràn á fẹ́ padà síbi tó ti wá, ojú títì ni mọ́tò á sì ti tẹ̀ ẹ́ pa. Ó sì lè gbé àìsàn wá bá àwọn tó wà nílẹ̀. Ìbàdàn ò ṣaláìní ọ̀pọ̀lọ́. Ibi tí wọn yóò fara pamọ́ sí ló ń wọ́n wọn, pàápàá láti ìgbà tí a ti ń fi sìmẹ́ńtì àti íńtálọ́ọ̀kì bo gbogbo àgbàlá.

Àwọn wo lẹ óò máa rí?

Ọ̀pọ̀lọ́ ni ti ara rẹ̀ gbẹ, tó rí ṣákaṣàka, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, tó ń fò ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìlú ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Sclerophrys regularis. Kókó gígùn méjì wà lẹ́yìn ojú rẹ̀. Inú ibẹ̀ ni oró rẹ̀ wà. Àwọn àgbà ti rí i tipẹ́ tí wọ́n fi ní ọ̀pọ̀lọ́ ń yan lójú ẹlẹ́gùúsí: ó mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò ní fi òun sebẹ̀.

Àkèré ní tirẹ̀ jọ̀lọ̀, ara rẹ̀ tutù, imú rẹ̀ ṣóńṣó, itan rẹ̀ gùn, ẹ̀ẹ̀kan péré tó bá fò, ó ti di inú koríko. Kọ̀ǹkọ̀ tóbi jù wọ́n lọ, ẹ̀bá omi tó dúró ló ń gbé, ojú rẹ̀ nìkan ló sì máa ń yọ lókè omi. Àwọn kéékèèké kan tún wà tí orí ìka wọn rí roboto, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ewé kókò àti ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ò ju oríkèé àtàńpàkò lọ. Ẹni tó ń gbé nítòsí igbó IITA, ilé ìwádìí ọ̀gbìn tó wà n'Ìbàdàn, tàbí lẹ́bàá odò tó ṣì ní igbó létí ló lè retí àwọn wọ̀nyí jù.

Ní ti oúnjẹ, èèrà, ikán, ọ̀bọ̀n-ọ̀bọ̀n, aáyán, ìrẹ̀ àti kòkòrò tó ń jẹ ewé ni ọ̀pọ̀lọ́ ń jẹ, títí kan ìgbín kéékèèké tó ń da ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ láàmú. Ẹ má retí pé yóò bá yín pa ẹ̀fọn tán. Ẹ̀fọn kéré jù fún un, kì í sì í sábà sọ̀ kalẹ̀ síbi tí ọ̀pọ̀lọ́ wà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ dá oògùn dúró

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọgbà ti ń kùnà. Ọ̀pọ̀lọ́ àti àkèré kì í fẹnu mu omi. Awọ ìsàlẹ̀ ikùn wọn ni wọ́n fi ń fa omi láti inú ilẹ̀ tútù. Ohunkóhun tí ẹ bá fọ́n sílẹ̀, ara wọn ló ń wọ̀ tààrà. Oògùn apakòkòrò ń pa àwọn fúnra wọn, ó sì ń pa oúnjẹ wọn. Oògùn apakoríko náà ò sàn jù ú lọ: nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, èròjà bí ọṣẹ tí wọ́n pò mọ́ ọn kí ó lè lẹ̀ mọ́ ewé máa ń pa àwọn ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ inú omi.

Nítorí náà, kí ẹ tó gbé ìkòkò kankan sílẹ̀, ẹ dá fífọ́n dúró, kí òjò ńlá bíi mẹ́ta sì fọ ilẹ̀ náà. Ọkọ́ ni kí ẹ fi ro oko. Ẹ kó koríko tí ẹ ro sórí ebè ní nínípọn ínǹṣì 3: yóò dènà koríko tuntun, yóò mú ilẹ̀ tutù, abẹ́ rẹ̀ á sì di ilé kòkòrò tí ọ̀pọ̀lọ́ ń jẹ. Kòkòrò tó bá wà lára ẹ̀fọ́, ẹ fọwọ́ ṣà á ní òwúrọ̀. Tó bá di dandan kí ẹ fi omi dóńgóyárò sí i, ewé tí kòkòrò wà nìkan ni kí ẹ wọ́n ọn sí, ní òwúrọ̀ tí ọ̀pọ̀lọ́ ti wọlé sùn, kí ó sì jìnnà sí omi tó mítà 3.

Iyọ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń da iyọ̀ sára ọ̀pọ̀lọ́ kí ó lè lọ. Iyọ̀ ń fa omi inú ara rẹ̀ jáde ni, ikú ìrora gbáà ni. Kẹrosíìnì àti omi ọṣẹ tí a ń dà sẹ́yìn ilé náà lè pa á. Ẹ wá ibòmíràn da omi ìfọṣọ sí.

Ìgbésẹ̀ kejì: ilé ọ̀pọ̀lọ́

Ìkòkò amọ̀ tó fọ́ lẹ́nu ló dára jù, ó sì wà ní ọ̀pọ̀ ilé. Ìṣáàsùn tí ẹnu rẹ̀ tó ínǹṣì 8 sí 10 ti tó. Ike ò dára: oòrùn ọ̀sán Ìbàdàn á sọ inú rẹ̀ di ààrò. Amọ̀ ń mí, bí ẹ bá sì bu omi sí i lára, inú rẹ̀ á tutù títí di alẹ́.

Ẹ wá ibi tí òjìji wà láti aago mẹ́wàá òwúrọ̀ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́: abẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ìdí ewúro. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ ní jíjìn ínǹṣì 4. Ilẹ̀ pupa wa máa ń le bí òkúta nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ bu omi sí i ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ dojú ìkòkò náà dé díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ìdajì rẹ̀ wọlẹ̀. Ẹ fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ ní ìbú ínǹṣì 3 àti gíga ínǹṣì 2, kí ó kọjú sí ebè. Ilẹ̀ lásán ni kí ó wà nínú rẹ̀, kí ẹ bù ú rọ̀ kí ọ̀pọ̀lọ́ lè walẹ̀, kí ẹ sì da ewé gbígbẹ ẹ̀kúnwọ́ méjì lé e. Ẹ má tẹ́ sìmẹ́ńtì, ẹ má da yanrìn olómi iyọ̀ sí i.

Ìkòkò méjì sí mẹ́ta tó fún ilẹ̀ tó tó ìdajì pulọ́ọ̀tì. Ó lè gbà tó oṣù kan kí ẹnikẹ́ni tó wọ̀ ọ́. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí a máa ṣí i wò lójoojúmọ́. Dípò èyí, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ tẹ́ ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà pẹrẹsẹ ní ìrọ̀lẹ́. Bí ipa ẹsẹ̀ bá wà níbẹ̀ ní àárọ̀, onílé ti dé.

Ìgbésẹ̀ kẹta: àwo omi

Àwo amọ̀ pẹlẹbẹ tó fẹ̀ tó ínǹṣì 12, tí omi inú rẹ̀ ò ju ínǹṣì 2 lọ, ni kí ẹ gbé sí ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí ìkòkò náà. Ẹ rì í wọlẹ̀ kí etí rẹ̀ bá ilẹ̀ dọ́gba. Ẹ to òkúta pẹlẹbẹ kan sínú rẹ̀ kí àwọn kéékèèké lè rí ọ̀nà gùn jáde. Ọ̀pọ̀lọ́ ò mọ ògiri yíyọ̀ gùn, ó sì lè kú sínú omi tí kò ju ìka mẹ́ta lọ bí etí àwo bá dúró ṣánṣán.

Omi òjò ló dára jù, omi kànga tẹ̀ lé e. Bí ó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ tí wọ́n ti fi oògùn sí, ẹ fi sínú bókẹ́ẹ̀tì láìdé fún odindi ọjọ́ kan kí oògùn náà lè fẹ́ lọ. Ẹ máa pààrọ̀ omi náà ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta síra wọn, kí ẹ sì fi ìgbálẹ̀ ha àwo náà. Ẹ má fi falẹ̀: nínú ooru tiwa, ẹyin ẹ̀fọn lè di ẹ̀fọn tó ń fò láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ dà á sídìí ẹ̀fọ́, ẹ rọ òmíràn.

Ẹni tí ilé rẹ̀ ní ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró síbí. Ìkòkò àti àwo omi ti tó kí ẹ fi máa gbádùn ọ̀pọ̀lọ́. Adágún tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí lè pa ọmọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: adágún kékeré

Adágún ló ń mú kí wọ́n yé ẹyin sọ́dọ̀ yín, òun náà ló sì ń mú iṣẹ́ wá jù. Ẹ wọn ẹsẹ̀ bàtà 4 ní gígùn, 3 ní ìbú. Àárín ni kí ó jìn jù, ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀. Láti etí, kí ó máa lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí inú igbá, má ṣe jẹ́ kí ó dúró bí ògiri kànga. Ẹ ṣa gbogbo òkúta àti gbòǹgbò kúrò, ẹ tẹ́ àpò ìrẹsì àtijọ́ sí ìsàlẹ̀, kí ẹ tó tẹ́ ọ̀rá dúdú tó nípọn lé e. Ọ̀rá náà gbọ́dọ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 9, kí ó fẹ̀ tó 8, kí ẹsẹ̀ bàtà kan lè kù ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹ óò fi erùpẹ̀ àti òkúta tẹ̀. Nǹkan bíi kẹ́ẹ̀gì lítà 25 mẹ́wàá ni yóò kún un. Erùpẹ̀ tí ẹ bá gbẹ́, ẹ kó o sórí ebè. Ẹ má dà á sí gọ́tà, ìlú tó ti rí omíyalé Ògùnpa ní ọdún 1980 mọ ohun tí gọ́tà dídí ń ṣe.

Bí ó bá jẹ́ sìmẹ́ńtì lẹ fẹ́ fi mọ ọ́n, ẹ ní sùúrù. Sìmẹ́ńtì tuntun ń mú omi korò bí omi eérú, gbogbo ọmọ tó bá wà nínú rẹ̀ ni yóò kú. Ẹ pọn omi kún un, ẹ fi sílẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan, ẹ dà á nù, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó lò ó.

Fún ewéko, òṣíbàtà ìdí kan tó. Ojú-oró náà dára, ṣùgbọ́n ó máa ń gba gbogbo ojú omi láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹ máa kó o kúrò kí ó má ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, kí ẹ kó èyí tí ẹ yọ sórí ebè, kí ẹ má dà á sódò. Ẹ gbin kókò sétí omi, ewé rẹ̀ á ṣíji bò ó. Ẹ má kó ẹja sí i. Ẹja àrọ̀ á jẹ ọmọ, á jẹ ìyá. Epìyà náà ò ní dá ẹyin sí.

Ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ rọrùn láti mọ̀: ó dà bí ìlẹ̀kẹ̀ dúdú wínníwínní tí a sín sínú okùn gígùn méjì tó ń yọ̀, tí a sì lọ́ mọ́ ìdí ewéko. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ń wà nínú okùn kan. Ti àkèré máa ń tàn ká ojú omi. Bí ẹ bá rí ìfófòó funfun kan tó so mọ́ ewé lókè omi, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ọ̀kan nínú àwọn ti orí igi ló yé ẹyin sínú rẹ̀, àwọn ọmọ á sì já bọ́ sómi fúnra wọn.

Láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta, ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ ti di légbénlègbé, àwọn ọmọ dúdú onírù wọ̀nyẹn. Ewédò ara òkúta ni wọ́n ń ha jẹ. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ ń yọ, ọwọ́ á tẹ̀ lé e, ìrù á wá wọlé díẹ̀díẹ̀. Ó lè gba ju oṣù kan lọ. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ń yá a, omi tútù àti èrò púpọ̀ ń fà á gùn. Kò sí ìdí láti bọ́ wọn. Bí omi bá jẹ́ tuntun tí kò tíì ní ewédò, ẹ se ewé tẹ̀tẹ̀ kan, ẹ já a sí i ní ìwọ̀n àtàńpàkò, kí ẹ yọ èyí tó bá kù ní ọjọ́ kejì. Búrẹ́dì àti ìrẹsì ń ra nínú omi; bí ẹ bá jí tí ẹ bá gbogbo wọn lókè tí ikùn wọn yíjú sókè, oúnjẹ tó ra tàbí omi tó gbóná jù ló sábà fà á. Ẹ yára da ìdajì omi nù, ẹ fi omi òjò tàbí omi kànga rọ́pò rẹ̀, ẹ sì fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò ó.

Ẹ̀fọn ńkọ́? Légbénlègbé ọ̀pọ̀lọ́ kì í jẹ ọmọ ẹ̀fọn tó nǹkan, ẹ má gbọ́kàn lé wọn. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ fi abọ́ funfun bu omi létí adágún níbi mẹ́ta. Bí ẹ bá rí kòkòrò tín-ín-rín tó ń lọ́ ara rẹ̀ bí ìwọ̀, ẹ fi asẹ́ oníhò kéékèèké gbá ojú omi títí ẹ óò fi kó wọn tán. Ọmọ lámilámi tó ń gbé ìsàlẹ̀ omi á bá yín jẹ díẹ̀, á sì jẹ légbénlègbé díẹ̀ pẹ̀lú. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ ò ní ráyè yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ má gbẹ́ adágún. Ibà kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣeré.

Nígbà tí àwọn ọmọ bá ń jáde, wọn ò ju ẹyọ ẹ̀wà lọ. Òwúrọ̀ tí òjò rọ̀ ni wọ́n sábà ń tú jáde, ilẹ̀ á kàn máa rìn. Ẹ má gé koríko yíká omi fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ti adìyẹ mọ́lé, ẹ sì kíyè sí ìjàlọ: bí ó bá ń bọ̀ lọ́nà ibẹ̀, ó lè kó gbogbo wọn lálẹ́ kan.

Ibi tí wọ́n ti ń kú láìjẹ́ pé a mọ̀

Gọ́tà jíjìn, ihò sóókàwéè àti kànga. Ọ̀pọ̀lọ́ á bọ́ sínú wọn, kò ní lè gùn jáde. Ẹ dé kànga àti sóókàwéè dáadáa. Èyí ṣe omi mímu yín náà lóore. Nínú gọ́tà, ẹ gbé pákó tí ojú rẹ̀ ṣákaṣàka dá sí i ní ìdagẹ̀rẹ̀, ọ̀kan ní mítà márùn-ún márùn-ún. Okìtì ewé gbígbẹ náà ń kọ́? Bí ẹ bá fẹ́ sun ún, ẹ fi ọwọ́ ọkọ́ yí i láti ìsàlẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì kó o kúrò lójú kan sí òmíràn kí ẹ tó ṣáná sí i. Ó sàn jù kí ẹ jẹ́ kí ó jẹrà di ajílẹ̀.

Ajá tó bá gé ọ̀pọ̀lọ́ jẹ yóò máa da itọ́ lẹ́nu, á máa fi ọwọ́ nu ojú. Ẹ fi aṣọ tútù nu erìgì àti ahọ́n rẹ̀, ẹ da omi sí i lẹ́nu láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ dorí rẹ̀ kọdò kí ó má baà gbé omi náà mì. Bí ó bá ń gbọ̀n tàbí tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹran. Ti Yunifásítì Ìbàdàn wà nítòsí fún ọ̀pọ̀ wa.

Bí ọ̀pọ̀lọ́ bá wọlé

Ẹ̀rù ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn pé aráyé ló rán an. Kòkòrò tí iná fà sí pálọ̀ ló tẹ̀ lé wọlé, tàbí ilẹ̀ tútù ilé ìwẹ̀. Ẹ da abọ́ dé e, ẹ ti páálí wọ abẹ́ rẹ̀, ẹ gbé e lọ sẹ́nu ìkòkò amọ̀. Bí ó bá tọ̀ sí yín lọ́wọ́, omi lásán ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kì í fa kókó ara, kòkòrò àìfojúrí tó ń ràn láti ara èèyàn sí èèyàn ló ń fa ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọṣẹ fọwọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan ojú tàbí oúnjẹ, nítorí oró ẹ̀yìn ojú rẹ̀ ń ta ojú gidigidi. Lẹ́yìn náà, ẹ fi rọ́bà dí abẹ́ ilẹ̀kùn.

Ọ̀rọ̀ ejò

A ò ní parọ́: ibi tí ọ̀pọ̀lọ́ bá pọ̀ sí, ejò lè wá a wá. Paramọ́lẹ̀ kékeré kan wà tí ọ̀pọ̀lọ́ jẹ́ olórí oúnjẹ rẹ̀. Nítorí náà, ìkòkò àti adágún gbọ́dọ̀ jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé tó mítà 8, ibi tí àyè bá gbà. Ẹ ro ilẹ̀ tó wà láàárín wọn mọ́lẹ̀ pátápátá, kí búlọ́ọ̀kù tí a kó jọ má sì wà níbẹ̀. Ẹ má ti ọwọ́ bọ inú ìkòkò láé. Igi gígùn ni kí ẹ fi ṣí i. Lálẹ́, bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀ àti tọ́ọ̀ṣì. Bí ejò bá bu èèyàn jẹ, ẹ má fi abẹ gé e, ẹ má fẹnu fà á, ẹ má fi okùn so ó pinpin. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà wà lójú kan, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀.

Wíwò àti gbígbọ́

Aago méje sí mẹ́wàá alẹ́, lẹ́yìn òjò, ni àsìkò tó dùn jù. Ẹ fi ọ̀rá pupa dé ojú tọ́ọ̀ṣì, wọn ò ní sá bí ẹni tí iná funfun là lójú. Ẹ jókòó lórí àpótí, ẹ má rìn kiri. Bí ẹ bá ní sùúrù, ẹ lè rí ọ̀pọ̀lọ́ nígbà tó ń bọ́ awọ: á tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ kọ, á la ẹnu, á máa fi ọwọ́ méjèèjì fa awọ tínrín náà láti ẹ̀yìn wá sí ẹnu bí ẹni tó ń bọ́ bùbá, á sì gbé e mì pátápátá. Kì í pẹ́ rárá.

Ẹ ya àwòrán ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àmì ẹ̀yìn wọn kì í bára mu, ẹ óò sì mọ̀ bóyá ẹni tó wà nínú ìkòkò lọ́dún tó kọjá ló tún padà.

Akọ nìkan ló ń ké láti pe abo. Ti ọ̀pọ̀lọ́ dà bí ìlẹ̀kùn tó ti dógùn-ún tí a ń rọra ṣí, a sì dákẹ́ kó tó tún ṣí i. Òmíràn á dún bí ìgbà tí omi kán tó sínú ìkòkò tó jìn. Òmíràn, nínú ewé, á máa ta tá-tá-tá bí èékánná lórí ike. Bí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò bá ti kú, ẹ gbé fóònù sórí òkúta ní mítà méjì sí omi, ẹ gba ohùn wọn fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ kọ ọjọ́ àti bí òjò ṣe rọ̀ sí i. Ohùn inú oṣù Karùn-ún àti ti òjò àrọ̀kúrò kì í sábà rí bákan náà.

Nígbà ọyẹ́

Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, ẹ lè má rí ẹyọ kan. Wọn ò lọ. Wọ́n ti walẹ̀ wọ ibi tó tutù. Ẹ má gbẹ́ ilẹ̀ yíká ìkòkò, ẹ má ṣí i. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́, ẹ da ìdajì bókẹ́ẹ̀tì omi sídìí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa pọn omi sínú àwo bí ìṣe yín. Ẹ jẹ́ kí adágún gbẹ, kí ẹ gbọ́n ẹrẹ̀ rẹ̀ sórí ebè, kí ẹ sì wo ọ̀rá rẹ̀ bóyá ó ti ya. Ibi tó bá ya kò ju kí ẹ fi ọ̀rá mìíràn àti gọ́ọ̀mù rọ́bà lẹ̀ ẹ́. Gbogbo èyí gbọ́dọ̀ parí kí oṣù Kejì tó jáde, nítorí bí òjò àkọ́rọ̀ bá bá adágún lófìfo tó mọ́, alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni akọ àkọ́kọ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í ké.